Ẹsẹ̀ Ló Kọ́kọ́ Wọlé: Bí Orúkọ Yorùbá Ṣe Dé Ẹ̀yìn Aṣọ NFL

Láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú bá ń lù ní Ṣàngótẹ̀dó, bọ́ọ̀lù Premier League tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà ti ń sún mọ́ òpin. Àwọn ọ̀dọ́ tó kún inú ilé ìwòran lẹ́bàá títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ á máa bá réfírì jà láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á máa ro iye epo tí jẹnẹrétọ̀ ti jẹ, àwọn tí ẹgbẹ́ wọn fìdí rẹmi á ti dìde, wọ́n á máa wá kórópe lọ sí Abijo tàbí Awoyaya. Ní àkókò yẹn gan-an, aago kan ọ̀sán ló lù ní New York, bọ́ọ̀lù mìíràn, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí tó tún ṣe ṣóńṣó nídìí, sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ìlú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ní DStv tó ń gbé ESPN lè yí i síbẹ̀. Àwọn tó ń yí i síbẹ̀ kò pọ̀.

Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan á rí ohun tó máa mú un nahùn wo tẹlifíṣọ̀n. Oluokun wà lẹ́yìn aṣọ ẹnì kan. Ogunbowale wà lẹ́yìn aṣọ ẹlòmíràn. Fashanu, Oluwatimi, Odeyingbo, Ojomo: orúkọ tí olùkọ́ lè pè láàárọ̀ ọ̀la nígbà tó bá ń ka rẹ́jísítà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajah. Ọ̀nà tí orúkọ wọ̀nyí gbà dé ibẹ̀ gùn, ó sì wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, nítorí kì í ṣe Yorùbá ló kọ́kọ́ là á, kì í sì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n fi là á.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò le tó bí ojú ṣe ń rí i. Mọ́kànlá ló ń kojú mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn; bí wọn kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ẹni tó bá gbé e wọ òpin pápá ti gba àmì mẹ́fà. Bí ọ̀nà bá dí, wọ́n lè pe ẹnì kan jáde kó wá fi ẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá, ìyẹn sì jẹ́ àmì mẹ́ta. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá a yìí kì í sábà ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó lè jókòó fún wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó rántí pé ó wà níbẹ̀. Kí òǹkàwé fi í sọ́kàn, ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ìyókù jẹ́ èjìká, àyà àti eré sísá, ara tó bá sì ṣe irú rẹ̀ lónìí nílò ìsinmi. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í fi í gbá ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀: mẹ́tàdínlógún láàárín ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún ni ètò wọn láti 2021.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, 1920, ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù péjọ sí ìlú Canton ní Ohio, nínú ṣọ́ọ̀bù tí Ralph Hay ti ń ta mọ́tò. Àga kò kárí, àwọn kan sì jókòó sórí irin ìgbẹ́sẹ̀lé àwọn mọ́tò tó wà fún títà. Bí wọ́n ṣe dá líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà náà sílẹ̀ nìyẹn. Ní 1922 ni wọ́n sọ ọ́ ní NFL. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, Fritz Pollard tilẹ̀ ṣe kóòṣì fún ẹgbẹ́ Akron ní 1921. Lẹ́yìn 1933 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, wọn kò sì ṣí i títí di 1946 tí Los Angeles Rams gba Kenny Washington àti Woody Strode. Ní 21 oṣù kẹsàn-án, 1970, tẹlifíṣọ̀n ABC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bọ́ọ̀lù alẹ́ ọjọ́ Ajé jáde. Cleveland Browns ló na New York Jets lálẹ́ ọjọ́ náà, 31 sí 21, ó sì di àṣà títí dòní.

Àṣà yẹn kò rọrùn fún ará Ṣàngótẹ̀dó. Bọ́ọ̀lù alẹ́ ọjọ́ Ajé ti àwọn Amẹ́ríkà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ títí aago kan òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò fi kọjá ní Èkó, bí ó bá sì di ìgbà òtútù wọn, ó di aago méjì kọjá. Super Bowl, tó jẹ́ àṣekágbá gbogbo rẹ̀, ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ òru mọ́jú ọjọ́ Ajé. Ẹni tó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ní Victoria Island ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó sì mọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah ń fi ojú èèyàn rí, kò ní fi oorun rẹ̀ tọrẹ fún ẹgbẹ́ Kansas City.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà ti wà nínú eré yìí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé. Títí di ìgbà kan, ṣóńṣó bàtà ni àwọn Amẹ́ríkà fi ń ta bọ́ọ̀lù náà: wọ́n á dúró tààrà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì fi ọmọ ìka lù ú. Ní 1964, Pete Gogolak, ọmọ Hungary tí ẹbí rẹ̀ sá kúrò nílé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1956, dé ọ̀dọ̀ Buffalo Bills. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wá, ó fi orí ẹsẹ̀ gbá a, gẹ́gẹ́ bí ọmọdékùnrin èyíkéyìí ṣe ń gbá a lórí iyanrìn etí òkun Èkó. Bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà ju ti àwọn onímọ̀ ìka lọ. Kò pẹ́ tí àwọn kóòṣì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá: Jan Stenerud láti Norway, Garo Yepremian láti Cyprus.

Ibi tí Nàìjíríà ti wọ inú ìtàn náà ni yunifásítì Clemson ní South Carolina. Kóòṣì I. M. Ibrahim ló dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1967, nígbà tí ó sì máa fi di ìparí àwọn ọdún 1970, ọmọ Nàìjíríà ti pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Obed Ariri, ọmọ Owerri, wà lára wọn. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní ilé ìwé kan náà rí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣe, wọ́n sì yá a lò. Ní 1981, Baltimore Colts yàn án nínú draft, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láàárín ara wọn. Ní 1984, òun ló ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Tampa Bay Buccaneers.

Donald Igwebuike ló tẹ̀ lé e, Clemson ni òun náà ti wá. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1982, nínú ìdíje Orange Bowl, ó gbá mẹ́ta wọlé nígbà tí Clemson na Nebraska 22 sí 15, tí ilé ìwé náà sì gba ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àmì mẹ́sàn-án nínú méjìlélógún, láti ẹsẹ̀ ọmọ kan tó wá láti ilẹ̀ Igbo! Ní 1985, Tampa Bay mú un, ó sì gba ipò lọ́wọ́ Ariri. Ọmọ Nàìjíríà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Florida, lórí eré tí kò sí ẹnì kankan ní Nàìjíríà tó ń wò ó. Ó ṣiṣẹ́ náà títí di 1989, ó sì kọjá sí Minnesota ní 1990. Ọdún yẹn ni wọ́n fẹ̀sùn kàn án lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Ilé ẹjọ́ dá a láre, àmọ́ kò padà sí NFL mọ́.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni ara wọlé, ẹni tó sì gbé e wọlé ni Christian Okoye. Enugu ni wọ́n bí i sí ní 1961. Ẹni tó ń ju díìsì ni; Innocent Egbunike, asáré ọmọ Nàìjíríà, ló fà á lọ sí Azusa Pacific ní California ní 1982. Nígbà tí Nàìjíríà ń kó àwọn eléré lọ sí Olympics Los Angeles 1984, wọn kò mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé California gan-an ló ń gbé. Ìgbà yẹn ló yíjú sí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ó sì ti lé ní ogún ọdún kí ó tó kọ́kọ́ wọ aṣọ rẹ̀. Kansas City Chiefs mú un ní 1987. Ní 1989, ó gbé bọ́ọ̀lù sáré ní 1,480 yáàdì, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe tó bẹ́ẹ̀ ní NFL lọ́dún náà. Ọkùnrin tó wọn nǹkan bí 260 pọ́n-ùn ni, tó sì ń sáré. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, èjìká ló máa bá pàdé. “Nigerian Nightmare” ni wọ́n sọ ọ́. Orúkún ló tún wá dí i lọ́nà, ó sì fi eré náà sílẹ̀ lẹ́yìn sáà 1992. Ó ṣòro kéèyàn má ronú nípa iye àmì ẹ̀yẹ tí àwọn tó ń yan eléré nílé ti fi irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ta nù.

Níbo wá ni Yorùbá wà ní gbogbo àkókò yìí? Àwọn tó ń wo eré ìdárayá Amẹ́ríkà nígbà náà mọ ọmọ Yorùbá kan dáadáa: Hakeem Olajuwon, ọmọ bíbí Èkó, tó ti Muslim Teachers’ College lọ sí yunifásítì Houston ní 1980, tí ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú draft NBA ní 1984. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni tirẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àwọn Yorùbá tó máa gbá a ti wà láyé, ṣùgbọ́n ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wà. Wọ́n bí Obafemi Ayanbadejo sí Chicago ní 1975, àbúrò rẹ̀ Brendon sì tẹ̀ lé e ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1977, wọ́n bí Adewale Ogunleye sí Brooklyn, wọ́n sì bí Kabeer Gbaja-Biamila sí Los Angeles.

Owó epo rọ̀bì ló kó ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ìran yẹn lọ. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní sikọ́láṣíìpù, àwọn òbí tó ní koko àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù náà sì ń rán ọmọ tiwọn lọ. Èrò wọn ni pé wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n á padà, wọ́n á di ọ̀gá ní Marina tàbí ní Secretariat Ìbàdàn. Títí di 1985, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Oṣù kẹsàn-án 1986 ni ìjọba Babangida ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó, tí náírà sì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó máa fi di 1993, náírà méjìlélógún ni wọ́n ń fi ra dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó sọ pé ọdún mẹ́rin ni òun ń lọ lò bá ara rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ilé, gbèsè ilé, àti ọmọ mẹ́ta tí wọn kò mọ Òṣòdì yàtọ̀ sí Ìkòròdú. Láti 1995, físà lọ́tìrì tún kó àwọn ẹbí mìíràn kún wọn. NFL kò rán ẹnikẹ́ni wá mú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Nàìjíríà. Náírà ló kó wọn fún un.

Bí wọ́n ṣe dàgbà tán ni wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Green Bay Packers mú Kabeer Gbaja-Biamila ní 2000, ní ìpele karùn-ún draft, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn tí wọn kò retí ohun ńlá lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fò kọjá àwọn tó ń ṣọ́ quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kó gbá a mọ́lẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́. Sack ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ gùn fún àwọn tó ń ka eré lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n bá gé e sí KGB, orúkọ àwọn amí ìjọba Soviet àtijọ́, ó sì mọ́ ọn lára. Kí ó tó kúrò ní Green Bay, ó ti ní sack 74.5, ó sì ti kọjá àkọsílẹ̀ Reggie White nínú ẹgbẹ́ náà. Akọni ni Reggie White jẹ́ níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Akbar, àbúrò rẹ̀, gbá fún Oakland Raiders kí ó tó di ẹni tí ọ̀pọ̀ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n nínú eré American Ninja Warrior. 

Ti Adewale Ogunleye le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi orúkún ṣèṣe ní yunifásítì Indiana, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan tó yàn án nínú draft. Miami Dolphins gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 2003, sack 15 ló ní, òun ló sì pọ̀ jù nínú AFC, ìyẹn ìdajì líìgì náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tà á sí Chicago Bears. Níbẹ̀ ló ti bá Israel Idonije pàdé, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó ní 1980 tó sì dàgbà nínú òtútù Manitoba ní Kánádà. Àwọn méjèèjì ló wọ Super Bowl ti oṣù kejì 2007. Indianapolis na Chicago 29 sí 17 lábẹ́ òjò Miami. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Remi Ayodele wà nínú New Orleans Saints tó gba Super Bowl, ní 2013 sì ni Brendon Ayanbadejo gba tirẹ̀ pẹ̀lú Baltimore Ravens, ẹgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Obafemi ti wà nígbà tí wọ́n gba ti sáà 2000.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ṣe lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ọ̀kan wà tí kò yẹ kó sọnù. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, 2023. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn Amẹ́ríkà dá aago wọn padà fún ìgbà òtútù, nítorí náà aago méje alẹ́ ni eré bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Houston Texans ń gba àlejò Tampa Bay. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Ka’imi Fairbairn, ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Houston, farapa ní itan. Ẹgbẹ́ kì í mú ẹni méjì wá fún iṣẹ́ yẹn. Wọ́n bá wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n sì yọ Dare Ogunbowale jáde, ọmọ Milwaukee, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó gbé bọ́ọ̀lù sáré, ẹ̀gbọ́n Arike Ogunbowale tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ obìnrin mọ̀ káàkiri ayé. Ìdajì kejì dé, Houston sún títí, ọ̀nà dí. Yáàdì 29 ló kù sí òpó. Ogunbowale rìn sẹ́yìn, ó sún sí ẹ̀gbẹ́, ó wá, ó gbá a.

Ó wọlé.

Láti 2004 tí Wes Welker ti ṣe irú rẹ̀ fún Miami, ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fi ẹsẹ̀ gba àmì mẹ́ta ní NFL. C. J. Stroud, tó jẹ́ ọmọ tuntun lọ́dún náà, ju bọ́ọ̀lù ní 470 yáàdì lọ́jọ́ yẹn, òun ni ìwé ìròyìn gbé sójú ewé àkọ́kọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 39 sí 37 ni eré parí. Àmì méjì ni Houston fi borí. Kí olúkúlùkù yọ mẹ́ta kúrò nínú 39, kó wo ohun tó kù.

Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ti pọ̀ débi pé kíkà wọn lè súni. Foyesade Oluokun, tó kàwé ní Yale, ló gbá alátakò mọ́lẹ̀ jù ní gbogbo líìgì ní 2021, ìgbà 192, ó sì tún ṣe é ní 2022 lẹ́yìn tó kọjá sí Jacksonville. Larry Ogunjobi ni ọmọ ilé ìwé Charlotte àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú draft, ní 2017. Joe Tryon, tí Tampa Bay mú ní ìpele àkọ́kọ́ ní 2021, fi Shoyinka kún orúkọ rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, kí orúkọ bàbá rẹ̀ lè wà lẹ́yìn aṣọ. Ní 2024, Olumuyiwa Fashanu ni ẹnì kọkànlá tí wọ́n pè, New York Jets ló sì gbà á. Moro Ojomo, tí Philadelphia Eagles mú ní ìpele tó kẹ́yìn ní 2023, gba Super Bowl pẹ̀lú wọn ní oṣù kejì 2025.

Ọmọ Nàìjíríà tó mi líìgì náà jù lọ, síbẹ̀, kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Mọ́ṣúárì ló ti bá eré náà pàdé. Dókítà Bennet Omalu, tó kàwé ní Nsukka, ló ṣe àyẹ̀wò òkú Mike Webster ní Pittsburgh ní 2002. Webster ti jẹ́ ọ̀gá nínú Pittsburgh Steelers, ó sì kú ní ẹni àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Omalu rí i pé forí-gbárí ọ̀pọ̀ ọdún ti ba ọpọlọ náà jẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní 2005. Àwọn dókítà líìgì náà sọ pé kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kò yí i. Ní 2015, Will Smith ṣe é nínú fíìmù Concussion. Òbí èyíkéyìí tó bá ń wo àwọn orúkọ tó dùn-ún gbọ́ wọ̀nyí, kó máa rántí Webster pẹ̀lú.

Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀nà tí kò gba Houston tàbí Chicago kọjá ti ń ṣí. Osi Umenyiora ló wà nídìí rẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní London, tó gbé Nàìjíríà láti ọmọ ọdún méje sí mẹ́rìnlá, tó sì gba Super Bowl méjì pẹ̀lú New York Giants. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní The Uprise ń wá àwọn ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú wọn láti pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀: àwọn tó ga, tó fẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì yá. Ní 2022, Kehinde Oginni bu ọwọ́ lùwé pẹ̀lú Kansas City Chiefs, Roy Mbaeteka lọ sí Giants, Haggai Ndubuisi sì lọ sí Arizona. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni NFL ṣe àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ní Accra, Roger Goodell tó jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá sì wá. Ní 2023, líìgì náà fún Cleveland Browns ní ẹ̀tọ́ láti máa polówó ara wọn ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí Eagles ti gba ti Ghana ṣáájú.

Ìyẹn dára, àmọ́ ẹ̀tọ́ ìpolówó kì í ṣe pápá. Gbogbo ìtàn tó wà lókè yìí, láti orí Ariri dé orí Oginni, ìtàn àwọn tó lọ ni. Ẹni tó dúró sílé kò tíì jẹ nínú rẹ̀, Ṣàngótẹ̀dó sì lè sọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àbàtà àti oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 2016, Novare Mall ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú Shoprite. Ní 2017, bíríjì Ajah parí. Àwọn ẹ́sítéètì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń fi òkúta méjì ṣe òpó góòlù di ìwé àwòrán ilẹ̀, ó di ògiri, ó di géètì. Bí èèyàn bá wọn pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní ẹsẹ̀ bàtà, 360 ni gígùn rẹ̀, 160 ni fífẹ̀ rẹ̀. Pílọ́ọ̀tì Èkó jẹ́ 60 sí 120. Pílọ́ọ̀tì mẹ́jọ gééré ni pápá kan, kò lé, kò dín. Ta ni yóò fi pílọ́ọ̀tì mẹ́jọ sílẹ̀ fún eré ní Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí ọmọ onílẹ̀ ti ń ta ẹyọ kan fún ẹni méjì?

Flag football, ẹ̀yà kan nínú eré yìí, yàtọ̀. Márùn-ún sí márùn-ún ni, wọn kì í gbá ara wọn lulẹ̀; àsíá wẹ́wẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìbàdí ni alátakò máa fà yọ, ẹni tí wọ́n bá fa tirẹ̀ yọ gbọ́dọ̀ dúró. Ohun tó ba ọpọlọ Webster jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì ń gbá a bí àwọn ọmọkùnrin. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìgbìmọ̀ Olympics fọwọ́ sí i fún Los Angeles 2028, ní oṣù karùn-ún 2025 sì ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ NFL gbà pé àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lè kópa. Pápá rẹ̀ jẹ́ 70 yáàdì sí 25. Pílọ́ọ̀tì méjì àti díẹ̀ ni. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá náà lè lò ó láwọn ọjọ́ yòókù.

Nítorí náà, kí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà East àti àwọn ẹgbẹ́ onílé inú ẹ́sítéètì láti Abraham Adesanya dé Awoyaya ya pílọ́ọ̀tì mẹ́ta sọ́tọ̀ nísinsìnyí tí ilẹ̀ ṣì kù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí pápá, kí wọ́n sì fi í sábẹ́ orúkọ ará àdúgbò kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i tà. Ilé iṣẹ́ Cleveland Browns ní ẹ̀tọ́ ní Nàìjíríà: kí wọ́n béèrè bọ́ọ̀lù àti kóòṣì lọ́wọ́ wọn.